Omi inú àyà Bàbá: ṣé ká jẹ́ kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gé ẹran wò ni, àbí ká lọ ṣe ti kámẹ́rà?

OmoIjoka:

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí torí orí mi ti gbóná. Bàbá mi, ẹni ọdún 69, ló ń mí hẹlẹhẹlẹ láti bí oṣù mélòó kan, tí wọ́n bá ń gun àtẹ̀gùn ilé àbúrò wọn ní Ìjàpọ̀ wọ́n á dúró sinmi kí wọ́n tó dé òkè. Wọ́n ń rù. Wọ́n ń wúkọ́ díẹ̀díẹ̀ ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kò sí nínú ẹ̀. A gbé wọn lọ sí ọsibítù kan níbí l'Akúrẹ́, ẹ́síréè fi hàn pé apá ọ̀tún funfun dé ìdajì, dókítà ní omi ni, pé kì í ṣe inú ẹ̀dọ̀fóró gan-an ló wà, àárín ẹ̀dọ̀fóró àti egungun ìhà ló kóra jọ sí. Wọ́n fà á, ó lé ní lítà kan, yẹ́lò tó mọ́ gaara.

Èsì tó jáde rèé bí mo ṣe rí i lórí pépà: exudate, lymphocyte ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, GeneXpert kò rí kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ, wọn ò rí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, ADA 33, HIV kò sí. Omi náà sì ti tún ń padà wá.

Ibi tí wàhálà wà nìyí. Dókítà tó ń tọ́jú wọn ní òun máa fi abẹ́rẹ́ kan gé díẹ̀ lára awọ tó wà níbẹ̀, pé Akúrẹ́ níbí náà ni òun ti máa ṣe é, tí nǹkan bá lọ bó ṣe yẹ wọn ò ní sùn síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà l'Ékòó lọ bi dókítà míì, ìyẹn ní ká má fàkókò ṣòfò, ká gbé wọn lọ Ìbàdàn kí wọ́n fi kámẹ́rà wọ inú àyà wọn. Àǹtí wa kan tó ti ṣiṣẹ́ ní health centre rí ní ká ṣáà bẹ̀rẹ̀ oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, pé ní Nàìjíríà yìí omi tó bá ti wà láyà tó sì yẹ́lò, TB ni. Owó ọwọ́ wa kì í ṣe owó tí a lè fi dán gbogbo ẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èwo ló dára jù, ti abẹ́rẹ́ àbí ti kámẹ́rà? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ni kó dá mi lóhùn o, mi ò wá àgbo.

OmoOwo:

Mò ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ yìí o. Ìyá ìyàwó mi náà ní irú omi yìí.

EkimogunDoc:

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ara Bàbá á yá. Dókítà ni mí, ìtọ́jú àyà ni mò ń kọ́ lọ́wọ́, mi ò rí Bàbá, mi ò sì rí fíìmù wọn, torí náà ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi dípò ti ẹni tó ń tọ́jú wọn.

“Èwo ló dára jù” yẹn, bẹ́ẹ̀ kọ́ ni mo máa dáhùn ẹ̀, torí ohun tí wọ́n ń wá ló máa sọ irin iṣẹ́ tí wọ́n á mú dání. Awọ méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀fóró, èkejì lẹ̀ mọ́ egungun ìhà láti inú, omi tó yẹ kó wà láàárín wọn kò ju ṣíbí tíì mélòó kan lọ, kí wọ́n lè máa yọ̀ lára wọn tí a bá ń mí. Tí ọkàn kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, tàbí ẹ̀dọ̀, tàbí kíndìnrín, omi lè jò síbẹ̀ láìjẹ́ pé àìsàn kankan ń ṣe awọ yẹn fúnra ẹ̀. Ìyẹn là ń pè ní transudate, a kì í gé ẹran fún un, ibi tí omi ti ń wá la máa ń tọ́jú. Ti Bàbá jẹ́ exudate, ìyẹn ni pé awọ yẹn gan-an ni nǹkan ń ṣe. Láti 1972 la ti ń lo ìlànà dókítà kan tó ń jẹ́ Richard Light láti yà wọ́n sọ́tọ̀: kí pùrótéènì inú omi ju ìdajì ti ẹ̀jẹ̀ lọ, tàbí kí LDH ẹ̀ (èròjà kan tí sẹ́ẹ̀lì tó bàjẹ́ máa ń tú jáde) ju 0.6 ti ẹ̀jẹ̀ lọ, tàbí kí LDH omi náà ju ìdá méjì nínú mẹ́ta iye tó ga jù tí lábù gbà fún ẹ̀jẹ̀ ẹni tára ẹ̀ le. Ọ̀kan nínú wọn ti tó. Exudate tí lymphocyte, irú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan, wá kún inú ẹ̀, nílẹ̀ wa níbí, ikọ́ ẹ̀gbẹ àti jẹjẹrẹ ni dókítà kọ̀ọ̀kan máa kọ́kọ́ rò.

Ẹ má sì jẹ́ kí “a ò rí” inú èsì yẹn fi yín lọ́kàn balẹ̀. GeneXpert, ẹ̀rọ tó ń wá kòkòrò TB, mọ iṣẹ́ tó bá jẹ́ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ la fún un, àmọ́ nínú omi àyà, ó kéré tán ìdajì àwọn tó ní TB lóòótọ́ ló máa ń fò kọjá, torí kòkòrò kì í pọ̀ nínú omi yẹn, ara ló ń bá a jà tí omi fi ń sun jáde. Ti sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà, ká ní èèyàn 10 ló ní jẹjẹrẹ níbẹ̀, bí 6 la máa rí nínú omi wọn, àwọn yòókù á bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. ADA jẹ́ èròjà kan tó máa ń pọ̀ nínú omi tó bá jẹ́ TB ni, 33 ti Bàbá yẹn ló wá da ọ̀rọ̀ rú pátápátá. Ká ní ó ju 40 lọ, pẹ̀lú lymphocyte tó pọ̀ yẹn, pàápàá lára ọ̀dọ́, ọ̀pọ̀ dókítà máa bẹ̀rẹ̀ oògùn TB láìgé ẹran kankan, wọn ò sì jẹ̀bi. 33 kò jẹ́ ká lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì jẹ́ ká lè sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Lọ́jọ́ orí Bàbá, tí wọ́n tún ń rù, mi ò lè bá Àǹtí yín fọwọ́ sí i.

Nǹkan míì tún wà tí Àǹtí kò rò. Tó bá jẹ́ TB ni, omi yẹn lè gbẹ fúnra ẹ̀ láìlo oògùn kankan, kí àìsàn náà wá padà yọ nínú ẹ̀dọ̀fóró lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Wọ́n tẹ̀ lé àwọn sójà Amẹ́ríkà kan láyé àtijọ́ tí irú ẹ̀ ṣe, ó ju ìdajì wọn lọ tí TB padà bá láàárín ọdún márùn-ún. Ẹ wá wò ó, tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ oògùn láìmọ ohun tó jẹ́, tí omi náà wá dín kù, ẹ ò ní mọ̀ bóyá oògùn ló ṣe é àbí omi náà ló kàn lọ fúnra ẹ̀, tó bá sì wá jẹ́ jẹjẹrẹ ńkọ́, oṣù mélòó lẹ ti sọnù yẹn.

Ó yá, àwọn irin iṣẹ́. Abẹ́rẹ́ Abrams, tí mo rò pé òun ni dókítà yín ní lọ́kàn, ti wà láti 1958, ó nípọn, ó ní ihò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó máa ń há awọ yẹn mọ́ra tí wọ́n bá ń fà á bọ̀, wọ́n á wá yí i kí ẹnu ẹ̀ pa dé kó gé e. Dókítà kò rí ibi tí ẹnu abẹ́rẹ́ wà, ọwọ́ ló fi ń mọ̀ ọ́n. Fún TB, mi ò kóyán ẹ̀ kéré rárá, torí TB máa ń bo gbogbo awọ yẹn ni, kò síbi tí ẹ gé tí ẹ ò lè bá a, tí wọ́n bá wo ẹran náà nínú máíkíróskóòpù tí wọ́n tún gbin díẹ̀ nínú ẹ̀ ní lábù, bí 8 nínú 10 ló ń jáde. Jẹjẹrẹ ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí èpò lóko ló rí, ó pọ̀ níbì kan, ibì kejì mọ́ féfé, ìsàlẹ̀ pátápátá ló sì fẹ́ràn láti kọ́kọ́ jókòó sí, níbi tí abẹ́rẹ́ yìí kì í dé. Bí ìdajì ló ń rí mú nínú ti jẹjẹrẹ. Ìwádìí kan wà tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba, ó jáde nínú ìwé ìròyìn Lancet ní 2003, wọ́n fi Abrams wé abẹ́rẹ́ tí CT, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, ń darí lọ síbi tí awọ ti nípọn: Abrams rí 47 nínú 100, ti CT rí 87. Ti kámẹ́rà, ìyẹn thoracoscopy, lé ní 90 nínú 100 fún jẹjẹrẹ, TB gan-an kì í sábà bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ṣé ẹ rí i pé ọ̀nà mẹ́ta ni, kì í ṣe méjì? Ti àárín yẹn ni wọn kì í dárúkọ fún èèyàn, ìyẹn kí wọ́n fi CT tàbí ultrasound, ẹ̀rọ tó ń fi ìró wo inú ara, wo ibi tí abẹ́rẹ́ ń lọ. Kódà Abrams fúnra ẹ̀, tí wọ́n bá kọ́kọ́ fi ultrasound wo ibẹ̀ kí wọ́n tó gún un, ó sàn ju kí wọ́n kàn fọwọ́ lù ú lẹ́yìn kí wọ́n sì ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́.

Ẹ dá mi lóhùn kí n tó sọ èyí tó kù: iṣẹ́ kí ni Bàbá ṣe nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́? Ṣé wọ́n mu sìgá? Ṣé wọ́n ti ṣe CT? Oògùn kí ni wọ́n ń lò lójoojúmọ́?

MamaIbeji_OjaOba:

Èmi kì í ṣe dókítà o, aṣọ ni mò ń tà, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ yẹn ṣe àbúrò mi ọkùnrin rí, ó ń lọ FUTA nígbà yẹn. Wọ́n ní kó jókòó létí bẹ́ẹ̀dì kó dojú kọ tábìlì, kó gbọ́wọ́ méjèèjì lé pílò, wọ́n wá fún un lábẹ́rẹ́ tí ibẹ̀ fi kú. Ó ní gígé yẹn gan-an kò dun òun tó bí wọ́n ṣe ń tì í wọlé, pé ó ń ṣe òun bíi pé wọ́n fẹ́ tì òun ṣubú. Èmi wà níta mò ń gbàdúrà. Ọjọ́ yẹn náà la padà sílé. TB ló jáde, ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún un lóògùn fún oṣù mẹ́fà gbáko, ìtọ̀ ẹ̀ pupa níbẹ̀rẹ̀ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, nọ́ọ̀sì ní oògùn ni. Ó ti ṣègbéyàwó báyìí.

Tèmi ni pé ẹ jẹ́ kí dókítà Akúrẹ́ ṣe é jàre. Kámẹ́rà Ìbàdàn yẹn, owó ọkọ̀, owó oúnjẹ, owó ibi tí ẹ máa sùn, kí wọ́n tó wá dárúkọ owó iṣẹ́.

Agba_OkeAro:

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ ò gbọ́ ọ rí pé tí irin bá kan jẹjẹrẹ ṣe ló máa ń bínú ni? Mo mọ èèyàn mẹ́ta tí wọ́n gé ẹran lára wọn wò tí wọn ò lo ọdún náà já. Ẹ fa omi náà dànù, ẹ jẹ́ kí Bàbá sinmi, ẹ fún wọn lóúnjẹ gidi. Kò pọn dandan kí èèyàn mọ orúkọ gbogbo nǹkan tó ń ṣe é.

NoosiOyemekun:

Bàbá, ẹ kú ọgbọ́n o, ẹ má bínú sí mi. Àwọn tí ẹ ń wí yẹn, ó ṣeé ṣe kí àìsàn ti jìnnà lára wọn kí wọ́n tó gbé wọn dé ọ̀dọ̀ wa, torí ìbẹ̀rù irin yẹn gan-an ni wọn kì í fi í tètè wá, tí wọ́n bá wá kú tán wọ́n á ní irin ló pa wọ́n. Ẹ ní ká máa fa omi náà dànù, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ń rí ní wọ́ọ̀dù. Omi tí a bá ń fà láìmọ ibi tó ti ń wá, ṣe ló máa ń padà wá, gbogbo ìgbà tí a bá tún gún ibẹ̀ ni kòkòrò lè bá abẹ́rẹ́ wọlé, ara aláìsàn sì ń pàdánù pùrótéènì sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. A kì í sì í fa gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, lítà kan àbọ̀ la fi ń mọ, torí tí ẹ̀dọ̀fóró bá là lójijì omi lè tú sínú òun fúnra ẹ̀.

OmoIjoka, ohun tó yẹ kí ẹ máa ṣọ́ lẹ́yìn biopsy, ìyẹn gígé ẹran wò yìí, yálà ti abẹ́rẹ́ ni o, yálà ti kámẹ́rà: tí mímí wọn bá ṣàdédé le sí i, tí àyà bá ń dùn wọ́n gan-an lápá ibi tí wọ́n ti ṣe é, tí òógùn tútù bá bò wọ́n, tí ẹ̀jẹ̀ bá ń rin báńdéèjì gbindin, ẹ má dúró dọjọ́ kejì. Atẹ́gùn lè bọ́ sáàárín awọ méjèèjì yẹn, ìyẹn ni wọ́n fi ń ya ẹ́síréè míì lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣe é tán. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá yín padà sílé láìya ìyẹn o, àbí kí wọ́n fi ultrasound wò ó. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ni kì í ṣẹlẹ̀ sí, ibẹ̀ kàn máa ń ta wọ́n fún ọjọ́ díẹ̀ ni. Ẹ sì sọ fún Bàbá kí wọ́n má wúkọ́ kí wọ́n má sì yíra padà nígbà tí abẹ́rẹ́ bá wà nínú, tí ikọ́ bá fẹ́ mú wọn kí wọ́n sọ̀rọ̀, dókítà á dúró.

OmoIjoka:

Ẹ ṣé gan-an ni, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. EkimogunDoc, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé mo pẹ́, NEPA ló mú iná. Wọn ò tíì ṣe CT. Sìgá, wọ́n mu díẹ̀ nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́, wọ́n ti fi sílẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Iṣẹ́ káfíńtà ni wọ́n ṣe títí tí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní 1976 tí ilé ń hù káàkiri Akúrẹ́ bí nǹkan míì, wọ́n máa ń sọ fún wa pé kò sí irú ilé tí àwọn ò kan sílíǹgì sí, asbestos yẹn, àwọn ni wọ́n ń fi ayùn gé e, tí wọ́n ń lu ú ní ìṣó. Oògùn: ti ẹ̀jẹ̀ ríru, pẹ̀lú clopidogrel, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, torí pé ẹnu wọn wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ó sì tún padà bọ̀ sípò.

EkimogunDoc:

Hmm. Ọ̀rọ̀ sílíǹgì yẹn yí nǹkan padà o. Ṣé ẹ ti sọ fún dókítà tó ń tọ́jú wọn? Ẹ sọ fún un lónìí.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi, mi ò sọ pé òun ni. TB ṣì lè jẹ́, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró lásán tàbí èyí tó ti ibòmíì wá lè jẹ́. Ṣùgbọ́n eruku asbestos téèyàn fà símú máa ń sùn síbẹ̀ fún ogún ọdún, ogójì ọdún, kódà jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó tó wá di jẹjẹrẹ awọ yẹn gan-an, mesothelioma lorúkọ ẹ̀. Kò wọ́pọ̀. Àmọ́ òun gan-an ló máa ń fi omi àyà tàn wá jẹ jù, wíwá sẹ́ẹ̀lì ẹ̀ nínú omi kì í fi bẹ́ẹ̀ so èso, kódà ẹran tín-ń-tín tí Abrams bá mú wá kì í sábà tó fún ẹni tó ń wò ó nínú máíkíróskóòpù, torí ó fẹ́ rí i bóyá ó ti jẹ wọnú ọ̀rá tó wà lábẹ́ awọ. Ẹran tó tóbi tó sì jinlẹ̀ ni wọ́n nílò.

Torí náà èyí ni màá ṣe ká ní bàbá mi ni. Kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe CT àyà tòun ti contrast, oògùn tí wọ́n ń ta síni lára kí àwòrán lè hàn kedere, nísinsìnyí tí omi ṣì wà níbẹ̀, kí wọ́n má fà á gbẹ tán kó tó di ìgbà yẹn, torí omi náà ló ń jẹ́ kí awọ yẹn hàn dáadáa, òun náà ló sì ń fún abẹ́rẹ́ láyè tí kì í fi gún ẹ̀dọ̀fóró. Tí CT bá fi ibì kan hàn tí awọ ti nípọn tàbí tó ti ta kókó, kò pọn dandan kí ẹ lọ ṣe kámẹ́rà, kí radiologist, dókítà tó ń wo àwòrán inú ara, fi abẹ́rẹ́ tó ń gé ẹran gígùn mú un níbẹ̀ gan-an, wọ́n lè ṣe é láìkun Bàbá lóorun, ẹ sì lè rí i ṣe nítòsí. Tí CT kò bá fi ibì kan pàtó hàn, tí omi nìkan ló wà, kámẹ́rà ni màá wá lọ. Ti Abrams tí wọn ò fi ultrasound darí, mi ò ní yàn án fún wọn. Kì í ṣe pé dókítà yín ṣe ohun tí kò dáa, fún ọmọ ọdún 20 tó ń lọ FUTA bíi ti àbúrò Màmá Ìbejì èmi náà máa bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀.

Màmá Ìbejì, ẹ wò ó báyìí: tí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ tó rọjú ṣe é tí kò rí nǹkan, Bàbá á tún padà lọ ṣe kámẹ́rà náà ni, owó méjì nìyẹn, ọgbẹ́ méjì, àti ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi dúró de èsì tó ní òun ò rí nǹkan kan.

Ti kámẹ́rà náà pín sí méjì, ẹ bi wọ́n léèrè dáadáa, torí owó wọn kì í ṣe ọgbọọgba. Ọ̀kan wà tí dókítà àyà máa ń ṣe, wọ́n á pa ibẹ̀ kú, wọ́n á fún aláìsàn ní oògùn tó máa jẹ́ kó tòògbé díẹ̀, ihò kan péré. Ó ti pẹ́ tó ti wà, dókítà ará Sweden kan tó ń jẹ́ Jacobaeus ló kọ̀wé nípa ẹ̀ ní 1910. Èkejì ni VATS, àwọn oníṣẹ́ abẹ ló ń ṣe é ní tíátà, aláìsàn á sùn pátápátá, wọ́n á dá ẹ̀dọ̀fóró kan dúró fi ọ̀kan ṣoṣo mí fún un, ẹni tí ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ kò lágbára lè má lè gbé e. Ohun tó dùn nínú méjèèjì ni pé wọ́n lè fa omi náà tán lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà, tí wọ́n bá rí i pé jẹjẹrẹ ni wọ́n lè fọ́n talc, ìyẹ̀fun kan, sínú ẹ̀ kí awọ méjèèjì lẹ̀ mọ́ra, kí omi má ráyè padà. Kì í ṣe gbogbo ibi ló ní irin iṣẹ́ yìí, tí ó bá sì wà, ẹni tó mọ̀ ọ́n lò lè má sí lẹ́nu iṣẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ pe wọ́n l'Ọ̀wọ̀, ẹ pe wọ́n ní Ifẹ̀, kí ẹ tó pe Ìbàdàn, ẹ má tíì gbé Bàbá sọ́nà Iléṣà láìgbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kan pé bẹ́ẹ̀ ni, àwọn ń ṣe é.

Clopidogrel: ẹ má dá a dúró fúnra yín o! Wọ́n sábà máa ń dá a dúró ní bí ọjọ́ márùn-ún ṣáájú kí ẹ̀jẹ̀ má bàa pọ̀, àmọ́ ẹni tí ẹnu ẹ̀ ti wọ́ rí, dókítà tó fún un ni oògùn yẹn gbọ́dọ̀ mọ̀ sí i.

Agba_OkeAro, ẹ̀yin náà ò jẹ̀bi tán. Mesothelioma yìí lè tọ ojú ibi tí abẹ́rẹ́ gbà hù jáde sí ara, a máa ń rí i, kókó kékeré lábẹ́ awọ ara lóde. Ṣùgbọ́n kókó yẹn kọ́ ló ń pa èèyàn, àìmọ ohun tí à ń tọ́jú ló léwu jù.

Agba_OkeAro:

Mo ti gbọ́. Ẹ ṣáà máa rọra ṣe é.

OmoOwo:

Dókítà, tí ìyá ìyàwó mi bá ti ní jẹjẹrẹ ọmú tẹ́lẹ̀ ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì máa gé e?

EkimogunDoc:

Ó lè má pọn dandan. Jẹjẹrẹ ọmú máa ń hàn nínú omi ju ọ̀pọ̀ lọ. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi omi tó tó ránṣẹ́, ó kéré tán 50ml, kì í ṣe ìgò kékeré tí wọ́n fi ń gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọwọ́. Tí wọn ò bá rí nǹkan, wọ́n lè tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀kẹta kì í sábà mú nǹkan tuntun wá, ẹ jẹ́ kí wọ́n gé ẹran nígbà yẹn.

LabuAlagbaka:

Ẹ jẹ́ kí èmi náà dá sí i torí ọ̀dọ̀ wa ni gbogbo ẹran yìí ń bọ̀, ibi tí nǹkan ti ń bà jẹ́ jù nìyẹn tẹ́nì kan kì í sọ. Ẹ lè sanwó kámẹ́rà, kí ọ̀jọ̀gbọ́n gan-an ṣe é, kí wọ́n wá da gbogbo ẹran tí wọ́n gé sínú fọ́málììnì, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹran rà, ó tán nìyẹn, fọ́málììnì á pa gbogbo kòkòrò TB tó wà nínú ẹ̀, a ò lè gbin nǹkan tó ti kú. Ìgò méjì ni, ẹ bẹ̀ wọ́n kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀: ọ̀kan ní fọ́málììnì fún ẹni tó ń wo jẹjẹrẹ àti àmì TB nínú ẹran, ọ̀kan ní omi iyọ̀ dírípù lásán fún GeneXpert àti gbígbìn. Ti omi iyọ̀ yẹn kò gbọ́dọ̀ sùn sórí tábìlì nọ́ọ̀sì mọ́jú, ọjọ́ náà ni kó dé lábù. Kí ẹran tí wọ́n gé sì pọ̀, mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́fà. Tí ẹ bá fún mi ní ẹyọ kan tín-ń-tín tó wá jẹ́ iṣan lásán tàbí ọ̀rá, “kò tó láti fi ṣàyẹ̀wò” ni màá kọ, ẹ ó sì máa bú wa.

Ẹ máa fiyè sí fọ́ọ̀mù náà. Dókítà máa ń kánjú, á kọ “pleural effusion, ?cause”, á ju ú sílẹ̀. Kí wọ́n kọ asbestos síbẹ̀ gàdàgbà. Tí ẹni tó ń wò ó ò bá mọ̀ pé Bàbá ṣiṣẹ́ sílíǹgì, ó lè má béèrè fún àwọn àwọ̀ pàtàkì tí a fi ń ya mesothelioma sọ́tọ̀ kúrò lára jẹjẹrẹ tó ti ẹ̀dọ̀fóró wá, torí tójú lásán ń wò wọ́n, àwọn méjèèjì jọra gan-an. Kì í ṣe gbogbo lábù ló ń ṣe àwọ̀ yẹn. Ìyẹn ni mo fi máa ń sọ fún àwọn ará ilé pé kí wọ́n béèrè fún block, ẹran wọn tí wọ́n ti rì sínú ìda bíi ti àbẹ́là, ti aláìsàn ni, ó ń pẹ́ kó tó bàjẹ́, ẹ lè gbé e lọ lábù míì l'Ékòó tàbí Ìbàdàn kí wọ́n gé níbẹ̀ láìtún gún Bàbá mọ́.

Bó ṣe ń pẹ́ sí: ti máíkíróskóòpù lè gba ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ti gbígbìn TB lè dé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kí wọ́n tó lè sọ pé kò sí, GeneXpert ẹran yẹn ọjọ́ náà ló ń jáde. Torí náà tí wọ́n bá fún yín ní èsì kan, ẹ béèrè pé àwọn yòókù dà.

OmoIjoka:

Mo ti ka gbogbo ẹ̀ fún Bàbá, wọ́n ní ṣé gbogbo ilé tí àwọn kọ́ yẹn ni. Ẹ̀gbọ́n mi ti fi owó CT ránṣẹ́. Mo pe dókítà wa, kò bínú rárá, ó ní ká mú fíìmù náà wá kí òun wò ó, pé tí ibì kan bá nípọn òun mọ radiologist tó lè gé e níbí. Ó ní òun gan-an ò mọ̀ pé káfíńtà ni wọ́n, ìwé tó wà ní fáìlì kọ “farmer”. Ṣé ohun kan wà tí a gbọ́dọ̀ ṣe kí wọ́n tó ṣe CT náà?

EkimogunDoc:

Kí wọ́n yẹ creatinine inú ẹ̀jẹ̀ wọn wò kí wọ́n tó ta contrast sí wọn lára, òun ló ń sọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ sí. Tí wọ́n bá ní ìtọ̀ ṣúgà tí wọ́n ń lo metformin, ẹ sọ ọ́ níbẹ̀. Ẹ sì bá wọn tún fáìlì yẹn kọ.